Ski pẹ̀lú amọ̀nà ní òkè Tian Shan: kí ni ká bi wọ́n, kí ni ká dì?

Àjọkẹ́Gunkè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́fà la ti gba ààyè fún ọjọ́ mẹ́fà ní Kyrgyzstan nínú oṣù kejì, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ní amọ̀nà méjì. Inú àgọ́ yurt la ó máa sùn, lókè abúlé Jyrgalan, ní ìlà oòrùn adágún Issyk-Kul. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè níbẹ̀: awọ tí à ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ski kó má baà yọ̀ sẹ́yìn la ó fi gun òkè, ká tó ṣí i kúrò ká sì sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa la mọ ski dáadáa, a sì ti lo awọ lórí òkè Alps.

Kí ló yẹ kí n bi iléeṣẹ́ náà kí n tó san owó tó kù? Kí ni yìnyín ibẹ̀ fi yàtọ̀? Ẹrù wo lẹni tó ń lọ síbi tí kò sí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ gbé? Ẹnì kan tún ní ká gbé àpò airbag, èyí tó ń wú lẹ́yìn ẹni bí yìnyín bá ya gbé e, ẹlòmíràn ní ẹrù lásán ni.

Bàbá Yìnyín

Ẹ jẹ́ ká ti orí yìnyín bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa sọ ibi tí ẹ lè dé. Tian Shan jìnnà sí òkun gan-an. Yìnyín ibẹ̀ kì í sábà nípọn bíi ti àwọn òkè etíkun, òtútù òru sì máa ń le tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìnyín máa ń wà nítòsí 0°C, nígbà tí ojú yìnyín lókè lè ti bọ́ sí −20°C. Bí yìnyín bá tín-ín-rín, ìyàtọ̀ yẹn á ju 1°C lọ láàrin sẹ̀ǹtímítà 10 kọ̀ọ̀kan. Oru á máa gbéra láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, hóró yìnyín á wú, á di onígun, kò sì ní di ara wọn mú mọ́. Ẹ bù ú sọ́wọ́, á máa ṣàn láàrin ìka bíi ṣúgà. Depth hoar ni wọ́n ń pè é. Orí irú ìpele bẹ́ẹ̀ ni yìnyín tuntun, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ gbá jọ, máa ń wá jókòó lé.

Ní òkè tó sún mọ́ òkun, ìpele aláìlágbára sábà máa ń le padà láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní Tian Shan ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn títí ìgbà òtútù fi máa parí. Nítorí náà, bí amọ̀nà bá sọ pé “yìnyín ò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, ó ti dára,” ẹ bi í pé kí ló rí nínú kòtò tó gbẹ́ sínú yìnyín láti wo ìpele rẹ̀. Ẹ sì fetí sílẹ̀: tí ẹ bá gbọ́ “húùm” lábẹ́ ẹsẹ̀, tí yìnyín sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ìpele ìsàlẹ̀ ló wó yẹn. Ẹgbẹ́ òkè tí ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀ bá tó dígírì 30 ti di èèwọ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tó tẹ́jú nísàlẹ̀ rẹ̀ náà kò ṣeé dúró sí, torí yìnyín lè ya láti òkè níbi tẹ́nikẹ́ni ò tẹ̀ rárá. Láàrin dígírì 30 sí 45 ni ọ̀pọ̀ avalanche, ìyẹn yìnyín tó ń ya wálẹ̀ láti òkè, ti ń ya. Ẹ fi clinometer, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìdàgẹ̀rẹ́, wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ojú máa ń parọ́ tí ìkùukùu bá wọlé.

Ohun kejì ni pé kò sí àsọtẹ́lẹ̀ avalanche ojoojúmọ́ níbẹ̀ bí irú èyí tí SLF, iléeṣẹ́ ìwádìí yìnyín, ń gbé jáde ní Swítsálándì. Ohun tí amọ̀nà fojú ara rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ni àsọtẹ́lẹ̀ tí ẹ ní. Nítorí náà, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ fún iléeṣẹ́ náà kì í ṣe ti oúnjẹ tàbí ti ibùsùn: ta ló ti wà lórí òkè yẹn kí ẹ tó dé, ṣé wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n ń rí sílẹ̀? Ẹ tún bi wọ́n léèrè ìwé-ẹ̀rí. Ti IFMGA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn amọ̀nà òkè, tí àwọn kan ń pè ní UIAGM, ni gbogbo ayé mọ̀. Bí amọ̀nà kò bá ní i, kí wọ́n sọ ẹni tó kọ́ ọ àti ìpele tó dé. Ẹ ní kí wọ́n sọ ibi tí ẹ ó lọ lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́. Igbó igi spruce wà ní apá ìsàlẹ̀ àwọn òkè yẹn, ibẹ̀ ló yẹ kí ìdáhùn wọn dojú kọ. Bí wọ́n bá ní “a ó ṣáà máa wò ó,” ẹ fura.

Ìgbàlà ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpele-ìpele: bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣẹ́ ní mítà 3,000 ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kí ni wọ́n máa fi gbé e sọ̀ kalẹ̀, ta ni wọ́n máa pè, pẹ̀lú fóònù sátẹ́láìtì wo? Karakol ni ìlú tó súnmọ́ jù. Láti ibẹ̀ sí Bishkek tó nǹkan bíi kìlómítà 400 lójú ọ̀nà. Ẹ ṣètò bí ẹni pé hẹlikópítà kò ní wá.

Ṣọ́bìrìIrin

Bàbá ti sọ ti òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ yín. Amọ̀nà ló ń ṣíwájú, òun ló kọ́kọ́ ń tẹ ẹ̀gbẹ́ òkè. Bí yìnyín bá bo amọ̀nà, ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́. Tí wọ́n bá yọ èèyàn mẹ́wàá láàrin ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń yè. Nígbà tó bá fi di ìṣẹ́jú 30, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Beacon, ẹ̀rọ kékeré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń so mọ́ ara, tó ń ránṣẹ́ kí wọ́n lè fi wá ẹni tí yìnyín bò: 457 kHz ni gbogbo wọn ń lò, nítorí náà ẹ̀yà kan ń gbọ́ èkejì. Ẹ mú èyí tó ní antenna mẹ́ta. Bátìrì alkaline tuntun ni kí ẹ kì sí i, àyàfi tí ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá bá gba lithium láàyè. Èyí tí wọ́n ń ṣájì lè fi 90% hàn kó sì kú lójijì. Kí fóònù àti rédíò jìnnà sí beacon ní sẹ̀ǹtímítà 20 nígbà tó bá ń ránṣẹ́, kó sì tó 50 nígbà tí ẹ bá ń wá èèyàn. Ibọ̀wọ́ tó ń fi bátìrì gbóná làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tí wọ́n fi di beacon mú gan-an ló wà.

Ọ̀pá àfigún kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 240 ó kéré tán. Ṣọ́bìrì irin ni o, oníke á fọ́ lára yìnyín tó ti ya, torí ó máa ń le gbagidi lẹ́yìn tó bá dúró.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá èèyàn nìyí. Kí ẹnì kan rí i dájú pé gbogbo ẹni tó wà lókè ti yí beacon sí wíwá. Ẹyọ kan tó bá ṣì ń ránṣẹ́ á da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ rìn ní ìlà-ìlà tó fi mítà 50 jìnnà síra títí ẹ máa fi gbọ́ àmì. Ẹ lè sáré títí dé mítà 10, lẹ́yìn náà ẹ rọra. Láti mítà 3, ẹ fi beacon mọ́ ojú yìnyín, ẹ má yí orí rẹ̀ padà, ẹ gbé e síwá-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì. Níbi tí nọ́ńbà bá ti kéré jù, ẹ gún ọ̀pá wọlẹ̀ ní ìkorígun pẹ̀lú ojú yìnyín, ẹ máa yípo, sẹ̀ǹtímítà 25 láàrin ihò kan sí èkejì. Tó bá kan èèyàn, ẹ má yọ ọ̀pá yẹn mọ́ o. Ẹ sọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó jìnnà tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ọ̀pá sọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá gbẹ́ láti orí ń tẹ yìnyín mọ́ ihò tí ẹni náà fi ń mí. Ẹni tó wà níwájú á rẹ̀ kíákíá, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Kí amọ̀nà fi yín ṣe ìdánrawò yìí lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí ẹ tó gun nǹkan kan. Tí kò bá dá a lábàá, ẹ̀yin ẹ béèrè.

BindingTiDì

Àwọn nǹkan tó sábà ń ba irú ìrìn-àjò yìí jẹ́ kì í ṣe avalanche o, awọ àti bàtà ni.

Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn awọ kì í mú tó bá ti dì tàbí tí yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ nu abẹ́ ski gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ sì fi awọ sínú jákẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Lálẹ́, ẹ fi kọ́ sínú yurt, kó má sún mọ́ sítóòfù, torí gọ́ọ̀mù tó bá yọ́ á kù sábẹ́ ski. Bí oòrùn bá mú awọ rin, tí ẹ wá wọ ibòji, yìnyín á dì mọ́ ọn, ẹsẹ̀ á wúwo. Wax ti awọ ni kí ẹ fi pa á ní àárọ̀, kò wúlò mọ́ tó bá ti dì tán.

Binding onípín-ín, ìyẹn ohun tó ń de bàtà mọ́ ski: yìnyín máa ń há sábẹ́ sípíríǹgì iwájú, pín-ín á jọ pé ó ti wọlé sínú bàtà, kò sì tíì wọlé tán. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀pá ha á, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ síwá-sẹ́yìn nígbà mélòó kan kí ẹ tó fa lefà. Fún gígun òkè nìkan ni lefà náà wà. Tí ẹ bá fi i sílẹ̀ ní títì nígbà tí ẹ ń sọ̀, binding ò ní tú bí yìnyín bá mú yín, ski á sì máa fà yín wọlẹ̀.

Fún ẹni mẹ́fà, àpò àtúnṣe kan tó: sukudíráfà Pozidriv nọ́ńbà 3, síkúrù binding mẹ́fà, púláyà kékeré, wáyà, epoxy, irun irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, rọ́bà ski gígùn mẹ́rin, téépù, orí binding iwájú kan, awọ kan tó lè bá ski tó fẹ̀ jù nínú yín mu. Bí síkúrù bá fà tu, ẹ ki irun irin àti epoxy sínú ihò, ẹ dè é padà, ẹ jẹ́ kó sùn níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nínú òtútù òde epoxy ò ní gan.

Eyín irin abẹ́ ski náà ṣe pàtàkì, kó sì fẹ̀ ju àárín ski yín lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ra tàwọn ski tín-ín-rín, tí kò wá wọ ski mílímítà 100.

Àjọkẹ́Gunkè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Airbag ńkọ́? Báwo la sì ṣe máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ wa á bá ti amọ̀nà mu?

Ṣọ́bìrìIrin

Ti ẹsẹ̀ kọ́kọ́: ẹ ka kìlómítà, ẹ fi mítà gígun òkè tí ẹ ti pín sí 100 kún un, ẹ wá pín gbogbo rẹ̀ sí 4. Kìlómítà 6 àti mítà 1,000: 6 pẹ̀lú 10 jẹ́ 16, ìyẹn wákàtí 4 láìka ìsinmi. Yìnyín jíjìn tí ẹnikẹ́ni ò tíì là á fi kún un. Bí ẹ bá lè gun mítà 1,000 láàrin wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù kílò 8, kí ẹ sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kò séwu.

Mo fara mọ́ airbag. Ó máa ń mú ẹni tí yìnyín gbé sún mọ́ ojú òkè, torí nínú ohun tó ń dà gìrọ́gìrọ́, èyí tó tóbi ló ń wá sókè. Ẹ mú oníná, kì í ṣe onígáàsì. Òfin ọkọ̀ òfuurufú gba onígáàsì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ṣáájú, tí ẹ bá sì ti fà á lẹ́ẹ̀kan, ta ló máa bá yín kún sílíńdà lókè Jyrgalan?

Bàbá Yìnyín

Èmi ò ní gbé e ní tèmi. Nínú igbó spruce, igi ló máa ń pani, airbag kì í dá igi dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní kòtò odò, níbi tí yìnyín ti ń kó jọ gọbọi. Ó tún lè wọn tó kílò 2 sí 3. Àmọ́ tí ẹ bá ti ní tẹ́lẹ̀, tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn sì fi gbangba òkè ṣe púpọ̀, ẹ gbé e.

Ohun tí mo gbàgbé ni adójútòfò. Ẹ ka ìwé náà fúnra yín, kí ẹ rí i pé ó dárúkọ ski níta ọ̀nà tí wọ́n tẹ́, wíwá àti ìgbàlà lórí òkè, àti pé gíga tó fi ààlà sí kò kéré sí ibi tí ẹ ń gùn. Àwọn kan ń fi 3,000 ṣe òpin, tí amọ̀nà yín sì fẹ́ kó yín lọ sí 3,500. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé náà àti ti ìpè pàjáwìrì wọn ránṣẹ́ sí amọ̀nà kí ẹ tó wọ bàálù, torí òun ló máa pè wọ́n, kì í ṣe ẹni tó fara pa.