Ahoro ni, kì í ṣe ìlú jíjẹrà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Arákùnrin wa tó ń tú àròkọ tí Hegel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, kọ ní 1831 lórí ètò ìdìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá "ìlú jíjẹrà" fún àwọn àgbègbè ìdìbò tí wọ́n ń rán aṣòfin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn tó ń gbé inú wọn kò tó nǹkan mọ́. Lóòótọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi wọ́n wé ohun tó ti rà ("rotten borough"), ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹ wo Old Sarum, òkìtì kan tí ìlú wà lórí rẹ̀ rí, lẹ́bàá Salisbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń kó lọ sí Salisbury, síbẹ̀, títí di 1832, aṣòfin méjì ni òkìtì náà ń yàn, nígbà tí Manchester, tí èrò kún fọ́fọ́, kò ní ẹyọ kan. Abẹ́ igi kan ní pápá ni wọ́n ti ń dìbò, àwọn tó sì lẹ́tọ̀ọ́ ìbò níbẹ̀ ní 1831 kò ju 11 lọ. Irú ibẹ̀ kò jẹrà. Ó tú ni, ahoro sì ni Yorùbá ń pe ìlú tó tú. Nítorí náà, "ahoro aláṣòfin" ni tèmi.

Ẹnìkan ní kí a pè é ní "ìlú rírà", nítorí pé "rà" kan náà ni a fi ń sọ ti ọjà àti ti ohun tó bàjẹ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì bá ìtàn mu, nítorí oníṣòwò kan, Thomas Pitt, ra Old Sarum, ibẹ̀ sì ni William Pitt, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbà wọ ilé aṣòfin ní 1735. Àmọ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ kò ṣeé fi ṣe orúkọ nínú ìwé ẹ̀kọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni "àbẹ̀tẹ́lẹ̀", tí olùtumọ̀ wa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ohun tí a yọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá àwọn olùdìbò tó gba owó àti ọtí mu, àwọn tí "dìbò kí o sebẹ̀" tiwa jẹ́ ìbátan wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn Hegel jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní wọ́n sọ ìjókòó aṣòfin di dúkìá tí ènìyàn lè rà kí ó sì tún tà, bí ẹni ta ilẹ̀ oko. "Òwò ìjókòó" ni kí a kọ síbẹ̀.

Nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, níbi tó ti sọ ohun tí wọ́n ṣe sí àròkọ Hegel, kí olùtumọ̀ yọ "fòfin dè" kúrò. Apá àkọ́kọ́ àròkọ náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba Prussia, ìjọba kan ní ilẹ̀ Jámánì nígbà náà. Ọba Prussia ló ní kí wọ́n má ṣe tẹ ìyókù. "Dá dúró" ti tó.