Èsì: "Lè" inú "aláìlèkẹ́kọ̀ọ́" kì í ṣe "le" inú "aláìlera"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti panu mọ́ láti ọjọ́ Ajé, àfi ìgbà tí mo ka èsì ẹ̀gbọ́n wa ti Kúbúwà lánàá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbẹ̀: ìwé kékeré kan la fẹ́ pín fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Kárù àti Nyanya, lágbègbè Àbújá, kí wọ́n lè máa gba àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé síṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló bá wa túmọ̀ rẹ̀. Àkọlé tí wọ́n fún un ni "Ẹ Gba Aláìlèkẹ́kọ̀ọ́ Síṣẹ́". Mo ní ọ̀rọ̀ náà burú, ká fi "apẹ́mọ̀", ẹni tó ń pẹ́ kó tó mọ nǹkan, rọ́pò rẹ̀; wọ́n ní ṣebí a ń sọ "aláìlera", ta ló bínú?

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún un pè. Le ti "aláìlera", ohùn àárín ni. Ara tó le ni lera. Lè tiyín, ohùn ìsàlẹ̀ ni, èyí tí a fi ń sọ pé apá ẹni ká nǹkan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le lónìí, ara rẹ̀ á le lọ́la. Ẹni tí ẹ bá so à-ì-lè mọ́ ẹ̀kọ́ lọ́rùn, ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Oníṣọ́ọ̀bù wo ni yóò rí "aláìlè" lórí ìwé tí kò ní fi ìwé náà di àkàrà?

Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ tilẹ̀ ń tọ̀ lẹ́yìn kò fẹnu kò lórí learning disability. Ní ìlú Ọba, ẹni tí òye rẹ̀ lọ́ra láti kékeré ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí làákàyè rẹ̀ pé ṣáká, àmọ́ tí ìwé kíkà tàbí ìṣirò ń dà láàmú, ni. Èwo lẹ túmọ̀?

Bọ̀dá tó ń kọ láti Kàdúná náà, tí wọ́n ní ká kọ "alárùn ọpọlọ", ẹ jọ̀ọ́ sà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ka ìṣòro ti ọkàn lọ́tọ̀, ó ka ti òye lọ́tọ̀. Ẹ fẹ́ kí oníbúrẹ́dì rò pé wèrè là ń mú bọ̀ wá bá òun.

Mo sọ oníbúrẹ́dì nítorí ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 24. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì kan ní Kárù ni kó máa kó búrẹ́dì 12 sínú páálí. Ọmọ yìí kì í kà kọjá 7. Ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́ dúró tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú ilé 12 sórí tábìlì. Bí gbogbo ojú ilé bá ti kún, ó di kó sínú páálí. Ní báyìí, Friday nìkan ni ọmọbìnrin náà ń yọjú. Bí ṣọ́ọ̀kì bá pa rẹ́, ọmọ náà ló ń tún un yà. Ọ̀gá wọn, Haúsá ni, á máa wí fún un pé "a hankali, a hankali". Ẹ rọra, ni. Hankali náà ni làákàyè lẹ́nu wọn!

Ohun tó mú mi dé "apẹ́mọ̀" nìyẹn. Ó tètè dé, ó pẹ́ dé: àwọn méjèèjì ló dé. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Pẹ́ ni ọ̀rọ̀, kì í ṣe lè.

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 ní kí aláàbọ̀ ara gba ìdá 5 nínú 100, ó kéré tán, láàárín òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Bí akọ̀wé bá jókòó láti kà wọ́n, afọ́jú ni yóò kà, àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́, torí ojú rí wọn, ẹnu sì mọ orúkọ wọn. Kí ni yóò kọ síwájú ọmọ tiwa?

Ìyá bàbá mi ní Òmù-Àrán, "ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀" ni wọ́n máa ń wí nípa irú rẹ̀ kan lágboolé wa, wọ́n sì ń fi ewúrẹ́ gbogbo ilé sọ́wọ́ rẹ̀. Kí n má parọ́, bí kò bá sí nítòsí, ọ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ìyá náà wà níbẹ̀. Lónìí, ìpàdé àwa ọmọ Ìgbómìnà níbí ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi bíi ti gbogbo wa. Mo bá a san án lẹ́ẹ̀kan. Ìjà ló bá mi jà.

Ìyá Ìbejì, "agbódegbà" tẹ́ ẹ ní ká máa pe ẹni tó ń dúró tì wọ́n níbi iṣẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Agbódegbà ń jẹ láàárín ni. Alábàárìn ni mo fara mọ́, kódà bí ẹ bá ní ó jọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó sì kọ ọ́ ní "àpẹ́mọ̀" lálẹ́ àná, ta ló kọ́ yín? A kì í pe apẹja ní àpẹja.