Bingo kì í bì nínú mọ́tò mọ́

Ẹ jẹ́ kí n kádìí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ nípa Bingo, ọmọ ajá mi tó máa ń dá itọ́, tó sì máa ń bì bí mọ́tò bá ti gbéra. Ọ̀sẹ̀ 6 ló gbà wá. Dókítà ẹranko ní inú etí rẹ̀ ni kò tíì gbó, òun ló ń fa òòyì. Mi ò fún un lóúnjẹ mọ́ tó bá ti ku wákàtí 4 ká jáde. Àmọ́ èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni jíjókòó lásán nínú mọ́tò láìtan ẹ́ńjìnnì, kí n máa há ẹran fún un díẹ̀díẹ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó dé ìkóríta, a ó padà. Lánàá, láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, ó sùn fọnfọn! Omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé gan-an.