Ṣé kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù méjì jọ máa ta kajú?

Ọmọ Kábà: Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń gbèrò láti bá ti Ìsánlú pawọ́pọ̀ ta kajú. Èrè wo ló wà níbẹ̀, ewu wo ni kí a sì ṣọ́ra fún?

Ará Mọpà: Ẹni tó kó ẹrù ọkọ̀ kan jọ lè bá alágbàtà dúnàádúrà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá pè ni alápò méjì yóò gbà. Ọ̀rinrin ni ìṣòro: bí ẹgbẹ́ kan bá sá tirẹ̀ gbẹ, tí èkejì sì kó tútù wá, owó gbogbo yín ni wọn yóò gé.

Àgbà Ìyàgbà: Òótọ́ ni. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, kí akápò méjèèjì sì jọ máa fọwọ́ sí ìwé báńkì.

Ọmọ Kábà: Ẹ ṣeun, bàbá. Òṣùwọ̀n ta ni a ó wá lò?