Kọ̀ǹpútà àpò: ṣé 6 inch ò ti kéré jù fún iṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, orí àkàbà ni mo sábà máa ń wà tí mo bá ń ṣètò switch (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra), láptọ́ọ̀pù ò ṣe é gbé dání níbẹ̀ rárá. Mo ti gbìyànjú fóònù, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ máa ń bo ìdajì ojú ẹ̀. Ọkàn mi wá ń fà sí kọ̀ǹpútà àpò GPD MicroPC, 6 inch, 440g, ó ní ihò Ethernet (ti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) àti serial (ti wáyà tí mo fi ń ṣètò switch) lára, ìyẹn gan-an ló wù mí. GPD Pocket 3 tó jẹ́ 8 inch á rọrùn láti tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lé ní 700g. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo MicroPC, ṣé èèyàn lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pẹ́ lórí ìdúró kí ọwọ́ má dùn ún? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀, mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.