Màámi ṣe iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ tó ń yọ síta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé mo gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá síbí. Ó ti pẹ́ tí ilé ọmọ Màámi ti ń sọ̀kalẹ̀, wọn ò sọ fún ẹnì kankan, wọ́n kàn ń fi aṣọ dì í, àfìgbà tí wọn ò lè tọ̀ dáadáa mọ́ ká tó mọ̀. Wọ́n ti bá wọn fà á sókè wọ́n sì ti rán an, ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti délé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ti yá wọn jù 😩 wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sídìí gàrí yíyan, ẹ̀gbọ́n wọn náà tún dé láti Ọ̀yọ́, wọ́n ní ká máa gbé wọn jókòó sínú omi gbígbóná pẹ̀lú álọ́ọ̀mù bí ìyá ìkókó. Ìgbẹ́ ò tún wá, wọ́n á jókòó wọ́n á máa tì í títí òógùn á fi bò wọ́n. Láàárọ̀ yìí mo wá rí okùn tín-ín-rín kan lára páàdì, ṣé kì í ṣe pé ó ti tú?

Ìyá Tóyọ̀sí: Ẹ gbé omi gbígbóná yẹn kúrò níbẹ̀ o! Èmi náà ṣe irú ẹ̀, dókítà ní kí n máa da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sára ni kí n sì nu ún gbẹ, kò gbọdọ̀ sí jíjókòó sínú omi rárá. Álọ́ọ̀mù ló máa wá bó ojú egbò.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè: Ìyá tèmi jókòó sínú ẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ìyá Tóyọ̀sí: Ṣebí ọmọ ni wọ́n bí? Ti èyí, inú lọ́hùn-ún ni wọ́n rán.

Nọ́ọ̀sì Bísọ́lá: Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí okùn yẹn, fúnra ẹ̀ ló ń yọ́, ẹ máa rí i díẹ̀díẹ̀, omi bráun náà lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ tó bá di ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń dà, tó ń rùn, tí ibà dé, tí wọn ò lè tọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú tó ń dùn wọ́n, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, torí títì ló ń fa ibi tí wọ́n rán. Ẹ wo oògùn ìrora wọn, tí tramadol bá wà nínú ẹ̀ òun náà máa ń de ìgbẹ́, ẹ bi dókítà bóyá kí wọ́n fún wọn ní lactulose, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Omi dáadáa, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré tí wọ́n bá jókòó, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó máa ń rọrùn.

Bàbá Ṣeun: Ẹ ò rí i pé gàrí yẹn burú ju bí wọ́n ṣe rò lọ? Èéfín á mú kí wọ́n máa wúkọ́, ikọ́ náà ń ti nǹkan sísàlẹ̀, ká má tíì sọ bíbẹ̀rẹ̀ lórí agbada àti àpò tí wọ́n máa gbé. Ẹ bá wọn wá ẹni tí á máa yan án.

Nọ́ọ̀sì Bísọ́lá: Bàbá ẹ ṣé o 👏 Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 ni wọn ò fi gbọdọ̀ gbé nǹkan wíwúwo, kẹ́tùlù tí omi kún náà wà lára ẹ̀, ọmọ-ọmọ pípọ̀n náà. Kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ọgbà ilé ṣá, ìdùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ò da.

Ìyá Tóyọ̀sí: Ẹ bá Bàbá ilé náà sọ̀rọ̀ o, kí wọ́n ṣì lọ sùn ní yàrá kejì títí dókítà á fi yẹ̀ wọ́n wò 😂

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú àdúrótì o 🙏 Ẹ̀gbọ́n Màámi ti ń bínú pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ràn, àmọ́ àwọn náà ló lọ ra ìbẹ́pẹ. Nọ́ọ̀sì, eré ìdárayá ojú ara tí wọ́n máa ń sọ ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ń fún iṣan ibẹ̀ pọ̀ kó lè lágbára, ṣé kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Bísọ́lá: Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó ná lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn, kí wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.