Ológbò bímọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ní Lágere, Ifẹ̀

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ológbò tí ò lólówó bí ọmọ mẹ́rin sínú páálí. Ojú wọn ò tíì là, ìyá wọn sì ti jáde láti àárọ̀. Ṣé kí n fún wọn ní mílíìkì agolo? Eégbọn tún wà lára wọn.

Ará Iléṣà: Àǹtí, ẹ má tíì kó wọn. Ìyá ológbò máa ń fi ọmọ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan lọ wá oúnjẹ. Ẹ takété, ẹ wọ́n èlùbọ́ yí páálí ká. Tó bá wá, ẹ ó rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Wálé: Tí kò bá dé, ooru ló kọ́kọ́ yá, kì í ṣe oúnjẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ tutù ò lè da oúnjẹ. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, kí àyè wà tí wọ́n lè wọ́ sí tí ooru bá pọ̀. Mílíìkì màlúù á mú kí wọ́n ya ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn sì ń yára pa wọ́n. Ẹ bèèrè mílíìkì ọmọ ológbò lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ẹ máa fún wọn ní wákàtí 2 sí 3 síra, tọ̀sán-tòru. Tí wọ́n bá ń mu ún, ikùn ni kí wọ́n fi lélẹ̀. Ẹ má dá wọn délẹ̀ bí ọmọ èèyàn, mílíìkì á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra ìdí wọn kí wọ́n lè tọ̀.

Ará Iléṣà: Ti eégbọn, ẹ fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ yọ ọ́. Ọ̀tápiapia kọ́ o! Oògùn eégbọn ajá tó ní kẹ́míkà permethrin náà ń pa ológbò.

Àdùkẹ́: Ó ti dé o, ó ń fún wọn lọ́mú.

Ìyá Wálé: Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sítòsí, kó má rìn jìnnà. Ó lè tún lóyún kó tó já wọn lẹ́nu ọmú, nítorí náà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ 8, ẹ gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ tí ò ní jẹ́ kó bímọ mọ́.